Ọ̀rọ̀ Kékeré Tí Ògbufọ̀ Gbé Mì

"Kẹ́nikẹ́ni má jókòó sórí àga yẹn o! Àga àlejò ni!"

Láti òwúrọ̀ ni Alága Ìgbìmọ̀ Ìdàgbàsókè ti ń pariwo bẹ́ẹ̀, tó ń sáré kiri inú gbọ̀ngàn ìlú bí adìyẹ tó ń wá ibi tí yóò yé sí. Àwọn àga tuntun náà ṣì wà nínú ọ̀rá tí wọ́n fi gbé wọn dé. Wọ́n ti fi ọ̀dà funfun kun àwọn òkúta etí títì. Wọ́n ti kó yanrìn dí àwọn kòtò ojú ọ̀nà, yanrìn tí ọkọ̀ méjì péré yóò tú ká. Kódà, wọ́n kó àwọn ọ̀dọ́ tó máa ń jókòó sábẹ́ igi láti òwúrọ̀ dalẹ́ jọ, wọ́n fi ọkọ́ lé wọn lọ́wọ́, wọ́n ní kí wọ́n máa roko níbi tí kò sí koríko, kí àlejò lè rí i pé ọmọ ìlú yìí kì í ṣe ọ̀lẹ. Ìlú tó bá ń wá ọkọ, ṣebí dandan ni kó kun àtíkè!

Ọmọbìnrin kan dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn nínú aṣọ ilé ìwé tí ìyá rẹ̀ lọ̀ títí tí aṣọ náà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ lè dá dúró. Ògbufọ̀ ni gbogbo ìlú ń pè é, orúkọ náà kò sì ṣàdédé bá a. Ó gbọ́ èdè àjèjì tí wọ́n fi ń kọ́ wọn nílé ìwé ju àwọn kan nínú àwọn tó ń kọ́ ọ lọ. Láti kékeré ló ti ń túmọ̀ ohun tí wọ́n kọ sára ìgò oògùn fún àwọn àgbàlagbà àdúgbò. Ọdún tó ń bọ̀ ni yóò ṣe ìdánwò àṣejáde.

Alága fà á sí kọ̀rọ̀. Ọkùnrin náà ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ̀rín kì í sì í kúrò lẹ́nu rẹ̀, bí ẹ̀rín ẹni tí eyín ń dùn tí kò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni mọ̀.

"Gbọ́ mi dáadáa, ọmọ mi. Bàtà ni àwọn tó ń bọ̀ yìí ń ṣe. Tí wọ́n bá kọ́ ilé iṣẹ́ wọn síbí, gbogbo ilé ló máa níṣẹ́ ṣe. Ṣùgbọ́n àwọn ará ẹ̀yìn òkè lọ́hùn-ún náà ti ń ṣẹ́jú sí wọn. Tá a bá pàdánù wọn lónìí, ó tán nìyẹn. Ṣó o gbọ́?"

"Mo gbọ́, sà."

"Ògbufọ̀ tó bá mọṣẹ́, ó mọ èyí tí à á sọ, ó sì mọ èyí tí à á gbé mì." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Bàbá rẹ ńkọ́?"

"Wọ́n wà níbi iṣẹ́, sà."

"Ẹ̀rọ ni wọ́n ń tún ṣe, àbí? Ilé iṣẹ́ bàtà, ẹ̀rọ ló kún ibẹ̀ fọ́fọ́ o."

Ó fọwọ́ gbá a léjìká, ó sì sá lọ kígbe mọ́ ẹnì kan tó ti jókòó sórí àga àlejò.

Ògbufọ̀ dúró síbẹ̀. Bí ọkùnrin náà bá ń wá ibi tó ń dun ọmọ, ọwọ́ rẹ̀ ti bà á. Ìlú ńlá kan tó jìnnà réré ni bàbá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, ìgbà ọdún nìkan ló ń wálé, bí ẹni tó wá kí ará. Ohùn inú fóònù ló kù tí wọ́n ń pè ní bàbá. Ìgbà tó dé kẹ́yìn, àbúrò Ògbufọ̀ sá sẹ́yìn ìyá wọn, ó yọjú, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, sà." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Bàbá náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí gbogbo wọn ti yí ojú kúrò, Ògbufọ̀ rí i tó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

* * *

Àwọn àlejò dé, wọn kò tilẹ̀ wo àga. Obìnrin kan ló ṣáájú wọn, ẹnjiníà ni, ó dé fìlà ike aláwọ̀ òféfèé, bàtà rẹ̀ sì ti gba eruku ìlú mìíràn wá. Obìnrin yìí ní ìwà kan: tó bá béèrè ọ̀rọ̀, ẹnu rẹ ni yóò máa wò títí wàá fi parí. Ó ní òun kò jẹun, òun kò mu nǹkan kan, ilẹ̀ ni òun wá wò.

Wọ́n kọ́kọ́ gòkè. Òkúta ni gbogbo orí òkè. Ẹnjiníà fi ẹsẹ̀ ta ọ̀kan, ó mi orí. Wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀ sí pápá ìsàlẹ̀, létí odò, ilẹ̀ tó tẹ́jú bí àwo. Ojú àlejò náà là. Ojú Alága là jù ú lọ.

Ilé kan ṣoṣo ló wà ní etí pápá náà, ilé ìyá bàbá Ògbufọ̀ ni. Àtẹ̀gùn ilé náà ga ju ti ilé yòókù nílùú lọ, bí ẹni pé ẹni tó kọ́ ọ fẹ́ fi gun òrùlé. Ọ̀dà ara ògiri rẹ̀ kò tíì gbẹ. Lánàá ni Alága rán àwọn ọmọkùnrin wá kùn ún. Ìyá àgbà jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó ń to igi ìdáná, ó sì ń ráhùn.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí, òórùn ọ̀dà ò jẹ́ kí n sùn o. Ta ló ní kẹ́ ẹ wá kun ilé fún mi? Ṣé mo ń lọ sílé ọkọ ni?"

"Màmá, ẹ̀bùn ìlú ni," Alága dáhùn kíá. "Ẹ kí àwọn àlejò."

Ẹnjiníà wo ìyá àgbà, ó wo odò, ó kọjú sí Ògbufọ̀. Ní èdè àjèjì yẹn, ó ní, "Ìwé tí ìgbìmọ̀ yín fún mi, kò sí àkọsílẹ̀ òjò kankan nínú rẹ̀. Ẹni tó ti pẹ́ níbí ni mo fẹ́ bi. Béèrè lọ́wọ́ màmá yìí fún mi: ṣé odò yìí máa ń kún dé ibí?"

Ògbufọ̀ túmọ̀ rẹ̀. Ìyá àgbà ju igi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Ha! Olúwa má jẹ̀ẹ́! Irú ìbéèrè wo nìyí? Sọ fún un pé kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́. Kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́ láyé wa, lágbára Ọlọ́run!"

"Àmín!" Gbogbo ìgbìmọ̀ gbé e lẹ́ẹ̀kan náà, ti Alága ló ròkè jù.

Bí àwa ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ẹ bi wá ní ìbéèrè, a ó fi àdúrà san án fún yín. Ṣé ọ̀nà yẹn dáa? "Ẹ ò ní rí ibi." Ṣé ìjánu ọkọ̀ yìí ń mú? "Àlàáfíà la ó bá dé." Ẹni tí a bí sínú rẹ̀ mọ ohun tó wà lábẹ́ ọ̀rọ̀, á rọra sọ̀ kalẹ̀ kúrò nínú ọkọ̀. Àlejò ni kò mọ̀.

Ògbufọ̀ kì í ṣe àlejò. Ó gbọ́ "mọ́" yẹn. Ìró kan péré ni, ẹnu kì í tilẹ̀ là tán kó tó jáde, ṣùgbọ́n odindi ìtàn ló gbé pamọ́ sínú. Ohun tí kò bá ní ṣẹlẹ̀ mọ́, ó ti ṣẹlẹ̀ rí. Ó mọ ìtàn náà. Nígbà tí bàbá rẹ̀ wà lọ́mọ ọwọ́, odò kún, ó gba gbogbo pápá, orí òrùlé ni ìyá àgbà gbé e sùn mọ́jú. Ìdí àtẹ̀gùn gíga nìyẹn. Ó mọ ohun tó wà lábẹ́ ọ̀dà tuntun náà pẹ̀lú: ìlà pupa kan tí omi fà yí ògiri ká, tí òun fúnra rẹ̀ máa ń fi wọn ara rẹ̀ nígbà tó wà ní kékeré, láti mọ̀ bóyá òun ti ga ju omi lọ.

"Kí ni màmá wí?" Ẹnjiníà béèrè, ó ń wo ẹnu rẹ̀.

Ògbufọ̀ wo Alága. Ẹ̀rín ẹni tí eyín ń dùn náà wà níbẹ̀ digbí. Ó wo ìyá rẹ̀ láàárín èrò, ó rí i tó fi ọwọ́ kan di ọwọ́ kejì mú, bí ẹni tó ń bẹ ọwọ́ ara rẹ̀. Tó bá sọ ọ́, àwọn èèyàn yìí á wọ ọkọ̀ wọn, á di ẹ̀yìn òkè. Bàbá á tún di fóònù.

Ó la ẹnu. Ó gbé "mọ́" mì.

"Wọ́n ní kì í ṣẹlẹ̀."

"Kì í ṣẹlẹ̀? Láéláé?"

"Láéláé."

Ẹnjiníà rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀, ó fi gìgísẹ̀ gbá ilẹ̀ pápá náà bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn. Ariwo ayọ̀ sọ. Ìyá àgbà náà pàtẹ́wọ́. Kò mọ ohun tó ń pàtẹ́wọ́ fún.

* * *

Kí òjò ọdún náà tó tán, wọ́n ti kan òrùlé ilé iṣẹ́ bàtà. Òjò rọ̀ díẹ̀díẹ̀, odò jókòó jẹ́jẹ́ sáyè rẹ̀, àwọn èèyàn sì ní, "Ẹ ò rí i?" Wọ́n kó ẹ̀rọ ìrán-awọ dé. Wọ́n gba èèyàn. Bàbá Ògbufọ̀ padà wálé pẹ̀lú gbogbo ẹrù rẹ̀, wọ́n sì fi í ṣe olórí àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe. Àbúrò tó ń pè é ní "sà" bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó lé e lẹ́sẹ̀, ó ń ka ìka ọwọ́ rẹ̀ tí òróró ẹ̀rọ ti sọ di dúdú.

Ẹ ní kí Ògbufọ̀ máa yọ̀? Ó gbìyànjú. Ṣùgbọ́n ohun tí èèyàn gbé mì láìjẹ kì í dà nínú. Lọ́jọ́ kan, ó tọ Alága lọ ní ibi tó ti ń pàṣẹ fún àwọn tó ń kun ògiri ilé iṣẹ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ọjọ́ yẹn, 'kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́' ni ìyá àgbà wí. Mi ò sọ 'mọ́' yẹn fún wọn."

"Kí ni 'mọ́'?"

"Sà, ẹ̀yin náà mọ̀ pé omi…"

"Ọmọ yìí, dákẹ́! A ti kan òrùlé, ìwọ ń bá mi sọ 'mọ́'! Ẹnu ta ló sọ ọ́ fún wọn? Ẹnu tèmi ni? Èmi tí mi ò gbọ́ èdè wọn?" Ó wo yíká, ó tún fi ẹ̀rín bojú. "Kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́, jàre. Lọ kàwé rẹ."

Ògbufọ̀ bá lọ bá bàbá rẹ̀ nílé. Ọkùnrin náà ń fi ọṣẹ àti yanrìn fọ ọwọ́ lẹ́yìnkùlé, àbúrò Ògbufọ̀ ń bu omi sí i lọ́wọ́.

"Bàbá, ẹ mọ̀ pé odò yẹn ti kún rí."

Ọwọ́ tó ń fọ̀ dúró. "Orí òrùlé ni ìyá mi gbé mi sí. Mo ti gbọ́ ìtàn yẹn ju orúkọ mi lọ."

"Ẹ wá sọ fún ẹnjiníà. Wọ́n lè mọ odi. Wọ́n lè kó ẹ̀rọ sórí…"

"Kí n lọ sọ fún un pé ọmọ mi ló tàn án jẹ? Kí wọ́n palẹ̀ mọ́, kí n tún palẹ̀ mọ́?" Kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. Ó wo ọmọ kékeré tó gbé korobá omi dání. "Gbogbo wa la mọ̀, ọmọ mi. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ nílùú yìí. Kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́. Ṣe àmín."

"Àmín," ni Ògbufọ̀ wí.

Ẹnjiníà fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ó wá lọ́jọ́ tí wọ́n rán bàtà àkọ́kọ́ tán. Ó pe Ògbufọ̀ jáde láàárín èrò, ó ní, "Ìwọ lo mú wa wá síbí," ó sì fún un ní bàtà náà. Ògbufọ̀ kúnlẹ̀, ó fọwọ́ méjèèjì gbà á. Ọ̀rọ̀ wà ní ètè rẹ̀. Àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́, ìyá rẹ̀ ń sunkún ayọ̀, ọ̀rọ̀ náà bá tún padà wọnú lọ. Bàtà náà bá a mu gẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tó bá wọ̀ ọ́, ṣe ló ń dà bíi pé ahọ́n ara rẹ̀ ló ń tẹ̀ mọ́lẹ̀.

* * *

Ọdún tó tẹ̀ lé e, inú gbọ̀ngàn ìdánwò ni òjò ńlá ti bá a.

Òjò ti ń rọ̀ bọ̀ láti òkè odò fún ọjọ́ mélòó kan. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó já lu páànù òrùlé ilé ìwé tó fi jẹ́ pé bí olùṣọ́ ìdánwò ṣe ń sọ̀rọ̀, ẹnu rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń rí. Ìwé ìdánwò èdè àjèjì ló wà níwájú Ògbufọ̀, èyí tí gbogbo ìlú gbà pé yóò ti gba ipò kìíní. "Kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́, kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́," ohun tó ń wí lábẹ́lẹ̀ nìyẹn. Kò kọ nǹkan kan. Kò lè jáde, kò lè jókòó. Nígbà tí wọ́n gba ìwé, ó sáré.

Gbogbo ìlú ti wà ní ẹ̀gbẹ́ òkè, wọ́n dúró, wọ́n ń wo ìsàlẹ̀. Omi náà kò sáré, kò hó. Jẹ́jẹ́ ló ń wọlé, bí àgbàlagbà tó ń padà sínú yàrá ara rẹ̀. Ó wọ ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́. Ó wọ ojú fèrèsé. Páálí bàtà ń jáde níkọ̀ọ̀kan, ó ń léfòó lójú omi, bàtà tọ̀tún sọ tòsì nù.

Bàbá rẹ̀ wà nínú omi dé àyà, ó gbé orí ẹ̀rọ kan lé èjìká. Ó gbé e gòkè, ó padà. Ó gbé òmíràn, ó tún padà.

"Ọkùnrin yìí, jáde!" wọ́n ń kígbe. "Ṣé ẹ̀rọ ló bí ọ ni?"

Ìgbà tí ó fẹ́ padà lẹ́ẹ̀kan sí i, àwọn ọkùnrin mú un. Ó bá wọn jà. Nígbà tó yá, ó jókòó sínú ẹrẹ̀, ó ń wò. Ògbufọ̀ jókòó tì í. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe. Ìyá àgbà wà lábẹ́ igi níbi tí wọ́n pọ̀n ọ́n gbé sí, ó bo orí, kò gbàdúrà kankan. Alága nìkan ló ń wí pé, "Ẹ jẹ́ ká dúpẹ́, ẹ̀mí kankan ò lọ." Òótọ́ ni, ẹ̀mí kankan ò lọ. Àmọ́ kò sẹ́ni tó ṣe àmín.

* * *

Omi fà. Ẹnjiníà dé. Ó rìn nínú ilé iṣẹ́ náà, ó fọwọ́ kan ẹ̀rọ kan, ẹrẹ̀ ń kán lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gba ilé ìyá àgbà lọ. Ọ̀dà ẹ̀bùn ìlú ti bó kúrò lára ògiri bí èèpo. Ìlà pupa àtijọ́ ti jáde, ìlà tuntun sì wà lókè rẹ̀. Obìnrin náà wo ìlà méjèèjì títí. Ó kọjú sí Ògbufọ̀.

"Béèrè lọ́wọ́ màmá yìí fún mi. Kí ló dé tí wọ́n fi sọ fún wa pé kì í ṣẹlẹ̀?"

Kí Ògbufọ̀ tó la ẹnu, Alága ti sún mọ́ ọn, ó ń sọ̀rọ̀ láàárín eyín. "Ọmọ mi, kò le rárá. Sọ fún un pé màmá ti darúgbó, pé wọ́n ti ń ṣarán. Kí lo máa pàdánù? Ọ̀rọ̀ ò lè pa arúgbó. Gbé èyí tó kù mì."

Ìyá àgbà ń wò wọ́n. "Kí ni àlejò wí?"

Ògbufọ̀ kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀. "Ìyá àgbà, wọ́n ní kí ló dé tí ẹ fi ní kì í ṣẹlẹ̀."

"Èmi?" Ìyá àgbà nàró. "Ta ló purọ́ mọ́ mi? Mo ní kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́. Mọ́! Ṣé ẹni tí omi ò lé gun òrùlé rí ló ń sọ 'mọ́'? Àdúrà ni mo gbà. Ta ló sọ àdúrà mi di ẹ̀rí?"

Ìyá àgbà wo orí ọmọ tó wólẹ̀ síwájú rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì bọ́ sílẹ̀. "Ìwọ ni? Ọmọ mi, ìwọ ni?"

Ògbufọ̀ kọjú sí ẹnjiníà. Èdè àjèjì yẹn kò ní ìró kékeré kan tó lè gbé "mọ́", ó sì di dandan kó tú u palẹ̀, gbólóhùn lé gbólóhùn, òrùlé, ọmọ ọwọ́, ìlà ara ògiri, gbogbo rẹ̀. Ó parí rẹ̀ pé, "Màmá sọ òtítọ́. Èmi ni mi ò sọ ọ́ tán."

Obìnrin náà wo ẹnu rẹ̀ títí ó fi parí, bí ìṣe rẹ̀. Kò bínú. Ó dà bí ẹni tí ó rẹ̀ dé egungun.

"Ká ní o sọ ọ́ ni, bóyá à bá ti lọ sí ẹ̀yìn òkè. Bóyá à bá sì ti fọ́ òkúta orí òkè yín, ká kọ́ ọ síbẹ̀. N kò mọ̀. O kò jẹ́ kí n mọ̀."

Ó wọ ọkọ̀ rẹ̀. Wọn kò rí i mọ́.

* * *

Ògiri ilé iṣẹ́ náà ṣì wà níbẹ̀, ewúrẹ́ ló ń gbé inú rẹ̀. Ògbufọ̀ kò yege nínú ìdánwò èdè, yóò tún un ṣe. Alága ti ní ìgbìmọ̀ tuntun àti ọ̀dà tuntun. Ẹ̀yin ọmọ tó ń ka ìwé yìí, ẹ gbọ́, n kò ní fi bò fún yín: àdúrà dáa, ẹ máa gbà á, ṣùgbọ́n àdúrà kì í ṣe ìdáhùn. Ẹni tí wọ́n bá bi ní ìbéèrè, kó kọ́kọ́ sọ òótọ́, kó tó ṣe àmín. Ẹni tó bá sì ń kọ́ yín ní ọ̀rọ̀ tí ẹ ó gbé mì, ẹ wo ẹnu rẹ̀ dáadáa. Inú yín ni ọ̀rọ̀ náà yóò wà, kì í ṣe inú rẹ̀.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ tí bàbá rẹ̀ padà sí ìlú ńlá, gbogbo wọn sìn ín dé ibùdókọ̀. Kò bá Ògbufọ̀ wí láti ọjọ́ ẹrẹ̀ yẹn. Báwo ni yóò ṣe bá a wí, òun tó ní kó ṣe àmín? Ó gbé àpò rẹ̀ sókè ọkọ̀. Àbúrò Ògbufọ̀ di ẹsẹ̀ bàbá wọn mú, kò fẹ́ fi sílẹ̀.

"Bàbá, ìgbà wo lẹ máa dé?"

Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ pa á lórí. "Kò ní pẹ́ mọ́, ọmọ mi. Kò ní pẹ́ mọ́."

Ẹnu Ògbufọ̀ là. Ó fẹ́ bi í léèrè, "Bàbá, àdúrà ni, àbí ìdáhùn?" Ṣùgbọ́n awakọ̀ ti tẹ fèrè, ilẹ̀kùn ti pa dé, eruku sì ti bo ojú ọ̀nà.